Àṣìṣe tá a máa ń ṣe tá a bá ń bá àwòrán inú ọkàn wa ṣiṣẹ́

Àwòrán inú ọkàn tí mò ń sọ ni ohun tá a máa ń rí lójú àlá tàbí tá a bá dijú. Tẹ́ ẹ bá lálàá ejò lóru, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sáré lọ bi Google pé kí ni ejò túmọ̀ sí. Ìdáhùn á pọ̀ lọ súà, ṣùgbọ́n ejò ẹni tí ejò ti bù jẹ rí ò lè dọ́gba pẹ̀lú ejò ẹni tó ń sin ejò nínú ilé. Nǹkan tí Carl Jung, dókítà ọpọlọ ará Switzerland yẹn, pè ní archetype, ìyẹn bátànì àtayébáyé tó wà nínú ọkàn èèyàn, kì í ṣe àwòrán yẹn fúnra ẹ̀ o, ẹ wò ó bí ipa odò, ipa yẹn ti wà nílẹ̀ fún gbogbo ọmọ èèyàn, àmọ́ omi tó ń gbabẹ̀ kọjá, tiyín ni.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ká jókòó máa wo àwòrán inú wa bí ẹni ń wo fíìmù. Èmi náà ṣe é fún ọdún kan gbáko, màá dijú, màá rí nǹkan tó rẹwà, màá dìde, kò sóhun tó yí padà. Ní 1913, lẹ́yìn tóun àti Freud, dókítà ọpọlọ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ti túká, Jung mọ̀ọ́mọ̀ wọ inú àwọn ìran yẹn lọ ni, ó ń bá àwọn tó bá níbẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń bá wọn jiyàn, ó ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Nǹkan bí ọdún 16 ló fi kó o sínú ìwé ńlá kan tòun tàwòrán, bẹ́ẹ̀ ó kú ní 1961, ìwé yẹn ò jáde títí di 2009. Ẹ̀yin náà, tí ìyá àgbà kan bá yọ sí yín nínú ìran, ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wá. Ẹ dúró. Ẹ má fọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu, torí tó bá jẹ́ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́ nìkan ni wọ́n ń sọ, a jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń dá sọ̀rọ̀. Tọ́rọ̀ wọn ò bá sì tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ sọ fún wọn bẹ́ẹ̀.

Òjìji ń kọ́, ìyẹn apá ara wa tá a kì í fẹ́ gbà pé a ní, ẹ má fi ṣe ìka tẹ́ ẹ ó máa nà sí ẹlòmíì. Ìwà tó ń bí yín nínú jù lára èèyàn, inú yín ni kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ wá a.

Ẹni tó bá sì rí ọba lójú inú, kó má lọ rò pé òun ti di ọba. Inflation ni Jung pè é, orí èèyàn á wú débi pé kò ní gba ìmọ̀ràn mọ́.

Ẹ má pa ayé tì torí ẹ̀ o. Jung ṣì ń tọ́jú àwọn aláìsàn ẹ̀, ó ṣì ń bá ìyàwó àtàwọn ọmọ ẹ̀ gbé, ohun tí kò jẹ́ kó sọ nù nìyẹn. Tí oorun bá ti ń dá lójú yín, tẹ́ ẹ wá ń gbọ́ ohùn tẹ́ ẹ ò pè, ẹ dáwọ́ ẹ̀ dúró, kẹ́ ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ yẹn gan-an.