Bí Síkéèlì Bá Dúró Lójú Kan: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ṣe Iṣẹ́ Abẹ Ìdínsanra àti Ará Ilé Rẹ̀ ní Òṣogbo

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ máa ń dùn. Aṣọ ń tú, ojú ń yọ, àwọn èèyàn ń dá yín dúró ní Ọjà Ọba pé, "Ṣé kò sí o?" Tó bá wá tó ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹfà, síkéèlì á ní òun ò lọ mọ́. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ nílé: "Gbogbo owó tá a ná yẹn ńkọ́?" Ẹni tó wà nínú ọ̀sẹ̀ yẹn àti ará ilé tó ń béèrè ọ̀rọ̀ yẹn la kọ ìwé yìí fún.

Ohun tó ń kọ́kọ́ lọ kì í ṣe ọ̀rá nìkan. Ara máa ń kó ṣúgà pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, ṣúgà náà sì máa ń fa omi mọ́ra bíi gàrí: gíráàmù 1 á mú bíi gíráàmù 3 omi dání. Nígbà tí oúnjẹ dín kù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ara ná ṣúgà yìí, omi bá a lọ, kílò ń já. Tó bá yá, ara á tún rọ́ díẹ̀ pamọ́, omi á padà. Ọ̀rá ṣì ń yọ́, àmọ́ omi tó ń wọlé ń bò ó mọ́lẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀kadà kì í mu epo bíi tírélà: ara tó ti fúyẹ́ kò ná agbára tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ẹni tó ṣe sleeve, tí wọ́n gé bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpò oúnjẹ inú rẹ̀ kúrò, sábà máa ń fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara rẹ̀ sílẹ̀ láàárín oṣù 12 sí 18. Ti bypass, èyí tí wọ́n fi ń sọ àpò oúnjẹ di kékeré, tí wọ́n sì ń darí oúnjẹ fo apá kan ìfun, máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹni tó wọn kílò 120 á já bíi 30. Ẹ pín 30 yẹn sí ọ̀sẹ̀ 52, kò tó kílò kan lọ́sẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun já 40 ní oṣù mẹ́rin, ẹ bi í pé mélòó ló fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kí ẹ gun síkéèlì, láàárọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ̀, kí ẹ tó fẹnu kan nǹkan. Síkéèlì kan náà ni o. Ẹ fi téèpù aránṣọ wọn ìbàdí pẹ̀lú. Ìró tí kì í yí yín ká dáadáa tẹ́lẹ̀, tó wá ń yí yín ká lẹ́ẹ̀méjì báyìí, òun náà ń jẹ́rìí.

Bí ìdúró náà bá wá kọjá oṣù kan, ẹ wo ẹnu. Ẹ jẹ́ ká mú ìyá tó ń ta aṣọ ní Olúọdẹ. Lọ́sàn-án, ṣíbí àmàlà mẹ́ta péré ló jẹ, ó sì búra pé òun ò jẹun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀pà sísun wà lábẹ́ káńtà, ó ń jù ú sẹ́nu ní ẹyọ ẹyọ láti aago mẹ́wàá, móòtì tútù kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń fi gbé e. Àpò kékeré kò lè dá ohun tó ń ṣàn dúró. Mínírà, zóbò tí wọ́n fi ṣúgà sí, ọtí: gbogbo wọn ń yọ́ kọjá.

Oúnjẹ amúaradàgbà ni kí ẹ kọ́kọ́ jẹ, ẹ̀fọ́ tẹ̀ lé e, òkèlè kẹ́yìn. Gíráàmù 60 sí 80 amúaradàgbà lójúmọ́ ni wọ́n sábà máa ń ní kí èèyàn jẹ. Ẹyin kan ní bíi 6. Ẹni tó ń sin adìyẹ tàbí tó ní odò ẹja lẹ́yìnkùlé ti jàre: ẹ má tà á tán. Wàrà àti mọ́ínmọ́ín náà dára. Ẹ lo sósà dípò àwo ńlá, kí ẹ jẹ ẹ́ kúnná. Ẹ má mu omi mọ́ oúnjẹ, ó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà mẹ́ta, díẹ̀díẹ̀, jẹ́ lítà kan ààbọ̀ lójúmọ́. Ẹ máa rìn pẹ̀lú; ebè kíkọ àti àpò kòkó gbígbé, ẹ fi sílẹ̀ títí dókítà á fi yọ̀ǹda.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ yéé sọ pé "fi kan sí i". Ẹ má sì máa ka kílò sí i létí.

Àgbo ìyàgbẹ́ àti tíì ìdínsanra kò ṣe é fi ti síkéèlì: omi ni wọ́n ń gbá jáde. Alabukun ní aspirin nínú. Òun, ibuprofen àti diclofenac lè dá egbò sínú ikùn, pàápàá fún ẹni tó ṣe bypass. Ẹ má jáwọ́ nínú fítámì. Kí obìnrin má sì lóyún kí oṣù 12 sí 18 tó pé.

Èébì tí kò dá, omi tí kò dúró nínú, ibà, inú rírun líle, ọkàn tó ń sáré, ẹsẹ̀ tó ń kú tipiri: ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Tó bá jẹ́ ìdúró síkéèlì nìkan ni, ẹ kọ gbogbo ohun tó wọ ẹnu yín fún ọjọ́ méje sínú ìwé, títí kan ẹ̀pà. Ẹ mú un lọ bá dókítà, pẹ̀lú gbogbo páálí oògùn yín, àti ìgò àgbo tí ẹ ò fẹ́ kó rí.