Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú fífi iye ìtọ́kasí díwọ̀n onímọ̀ nípa ìrántí

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń wá ọ̀jọ̀gbọ́n tí yóò tọ́ ọ sọ́nà nínú ìwádìí nípa ìrántí, tàbí tí ìgbìmọ̀ yunifásítì bá fẹ́ gbé ènìyàn ga lẹ́nu iṣẹ́, ojú ìwé ẹni náà lórí Google Scholar, ìkànnì tí ń to àpilẹ̀kọ ìmọ̀ àti ìtọ́kasí wọn jọ, ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ ṣí. Wọn a wo iye ìtọ́kasí, ìyẹn iye ìgbà tí àwọn onímọ̀ mìíràn dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀ nínú tiwọn, wọn a wo h-index, òǹkà kan tí ó pa iye àpilẹ̀kọ àti ìtọ́kasí wọn pọ̀, wọn a sì gbà pé àwọn ti mọ ẹni náà tán láìka àpilẹ̀kọ rẹ̀ kan.

Àṣìṣe tí ó burú jù níbẹ̀ ni kí á rò pé ẹni tí ó bá tọ́ka sí iṣẹ́ kan ti fọwọ́ sí i. Ẹ̀rọ tí ń ka ìtọ́kasí kò mọ ẹni tí ó gbóríyìn fún iṣẹ́ náà yàtọ̀ sí ẹni tí ó takò ó, tàbí ẹni tí ó kàn dárúkọ rẹ̀ nítorí pé gbogbo ènìyàn ń dárúkọ rẹ̀. Ní 2006, jọ́nà Nature gbé àpilẹ̀kọ kan jáde tí ó sọ pé irú ìdìpọ̀ purotéènì kan nínú ọpọlọ ni ó ń ba ìrántí eku jẹ́, ọ̀rọ̀ tí ó kan ìwádìí àrùn Alzheimer, tí ń ba ìrántí àgbàlagbà jẹ́, gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn tí ó tọ́ka sí i lé ní 2,000. Ní 2022, jọ́nà Science tẹ ìròyìn kan tí ó fi hàn pé ó jọ pé wọ́n ti yí àwọn àwòrán kan nínú rẹ̀ padà, nígbà tí ó sì di 2024 a fà á padà, ìyẹn ni pé a kéde pé kí ẹnikẹ́ni má gbára lé e mọ́. Síbẹ̀, fífà á padà kò pa ìtọ́kasí wọ̀nyẹn rẹ́ nínú òǹkà.

Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì, ni ó gbé h-index kalẹ̀ ní 2005: ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 20 ní àpilẹ̀kọ 20 tí a ti tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìgbà 20, ó kéré tán. Ẹni tí ó kọ márùn-ún péré kò lè kọjá 5 láé, ìbáà jẹ́ pé gbogbo ayé ń tọ́ka sí wọn. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ọ̀dọ́ onímọ̀ wé ẹni tí ó ti lo 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ má sì ṣe gbójú fo ipò orúkọ. Nínú ìmọ̀ ọpọlọ, ẹni tí ó kẹ́yìn sábà máa ń jẹ́ olórí yàrá ìwádìí. Nínú ìmọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá, ó lè jẹ́ ẹni tí ó ṣe díẹ̀ jù. Ìwádìí ìrántí sì wà nínú méjèèjì.

Àwọn kan máa ń ka kìkì àpilẹ̀kọ inú jọ́nà. Ṣùgbọ́n orí kan nínú ìwé ni àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá Baddeley àti Hitch fi gbé àlàyé wọn nípa ìrántí àmúṣiṣẹ́ (èyí tí a fi ń di nǹkan mú lọ́kàn fún ìgbà díẹ̀ bí a ti ń lò ó) kalẹ̀ ní 1974. Ìtọ́kasí sì lè pẹ́ kí ó tó dé: ọ̀rọ̀ "engram" (àmì tí ìrántí fi sílẹ̀ nínú ọpọlọ) tí Richard Semon, onímọ̀ ará Jámánì, dá sílẹ̀ ní 1904 kò rí ẹni kà á sí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n lónìí ó ti wọ́pọ̀ nínú àwọn yàrá ìwádìí ìrántí.

Ó ku ọ̀rọ̀ orúkọ fúnra rẹ̀, tí ó yẹ kí àwa Yorùbá tètè mọ̀. Adéyẹmí A. lè jẹ́ Adébáyọ̀, Àìná tàbí Àṣàkẹ́, ẹ̀rọ a sì kó iṣẹ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sábẹ́ ẹnì kan. Ẹ wo ilé ẹ̀kọ́ àti nọ́ńbà ORCID, tí onímọ̀ kọ̀ọ̀kan fi ń yàtọ̀ sí ẹlòmíràn, kí ẹ tó ka ẹyọ kan.