Kóró igi irú tí mo gbìn sí ẹ̀gbẹ́ òkè Ògìdì

Kóró igi irú ni mo fi ṣe ìdánwò kékeré kan, nítorí òun ló pọ̀ jù ní ẹsẹ̀ òkè wa, òun náà ló sì ń dínkù lójú wa. Àwọn àgbà igi ṣì wà níbẹ̀, ọmọ wọn la kì í sábà rí mọ́. Iná ìgbẹ́ ń pa díẹ̀, ewúrẹ́ ń jẹ díẹ̀, mo mọ ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ fojú ara mi rí ni ohun tí ooru àti òjò tí kò gbà mọ́ ìgbà ń fi irúgbìn ṣe. Ògìdì ni mo wà, ní Ìjùmú, kò jìnnà sí Kabba. Àpáta pọ̀ níbẹ̀ débi pé ẹ̀yìnkùlé àwọn kan ni òkè ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo kà nípa àwọn òkè Alps ní Yúróòpù ló sún mi dé ìdí ẹ̀. Kóró ọ̀pọ̀ ewéko orí òkè wọ̀nyẹn kì í hù àfi tó bá kọ́kọ́ jìyà òtútù nínú ilẹ̀ tútù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Òtútù yẹn ló ń fi mọ̀ pé ìgbà burúkú ti kọjá. Bí ayé ṣe wá ń gbóná yìí, kóró mìíràn lè hù kí òtútù gan-an tó dé, òtútù á wá bá ọmọ ewé lórí ilẹ̀, á pa á. Òjò dídì tó máa ń bo ilẹ̀ tún ń tètè yọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀ tí kò ní òjò dídì lórí máa ń tutù ju èyí tó ní i lọ. Ewéko ìsàlẹ̀ náà ń gun òkè bọ̀. Ní 2018, àwọn onímọ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí orí òkè 302 ní Yúróòpù: iye oríṣi ewéko tuntun tó dé sórí àwọn òkè náà láàárín 2007 sí 2016 jẹ́ ìlọ́po márùn-ún èyí tó dé láàárín 1957 sí 1966.

Ibi tí ìyẹn ti kàn wá nìyí. Bí èèyàn bá gun òkè ní 1,000 mítà, ooru á fi nǹkan bí ìwọ̀n 6.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius dínkù. Òkè Alps ga tó láti fún ewéko láyè sísá. Tiwa kò ga tó bẹ́ẹ̀. Ewéko tó bá sá ooru dé orí àpáta ní Ògìdì, ojú ọ̀run ló kù.

Tiwa kò sì ní òjò dídì. Omi ni kóró ń retí níbí. Ọyẹ́ á lọ, ẹ̀ẹ̀rùn á mú, òjò àkọ́rọ̀ á rọ̀, kóró á rò pé ìgbà òjò ti dé. Bí òjò bá wá dá lẹ́yìn àkọ́rọ̀, oòrùn á mú ilẹ̀ gbẹ. Bí afẹ́fẹ́ bá sì ṣe gbóná sí ni agbára tó ní láti fa omi ṣe ń pọ̀ sí i: ìwọ̀n ooru kan péré tó bá fi kún un, omi tí afẹ́fẹ́ lè gbé á fi nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ọjọ́ tí òjò fi dá lásìkò bàbá mi kò lè gbẹ ilẹ̀ tó bí iye ọjọ́ kan náà ṣe ń gbẹ ẹ́ lónìí.

Mo ṣa èso nígbà tó gbó, ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, lábẹ́ igi mélòó kan, kì í ṣe lábẹ́ ẹyọ kan. Mo bó o, mo fọ ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú ara rẹ̀ kúrò, mo da kóró sínú omi, mo gbọ́n èyí tó léfòó dànù. Lẹ́yìn náà mo pín in sí méjì.

Apá kìíní, mo gbé omi tó hó kúrò lórí iná, mo dà á lé e, mo sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Èyí tó bá wú ti gba omi sínú. Èyí tí kò wú, mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ ha àpáta, níbi tó jìnnà sí ojú kóró, títí funfun inú fi hàn fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ má ha ojú rẹ̀ o, ibẹ̀ ni ọmọ wà. Apá kejì, mi ò fọwọ́ kàn án, bó ṣe wà ni mo gbìn ín.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó ti ń fọ irú kí wọ́n tó bí mi, wá wo iṣẹ́ náà. Mo kí i, "Okun o, Yèyé." Ó dáhùn, ó sì mú kóró kan láàárín àtàǹpàkò àti ìka.

"Kóró tí mo máa ń fi igi dáná sè mọ́jú kí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ tó rọ̀, ìwọ fẹ́ fi omi ẹ̀ẹ̀kan jí i?"

Mo ní, "Yèyé, mi ò fẹ́ kó jinná."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀yìn líle yẹn kì í ṣe àṣìṣe Ọlọ́run. Mi ò tíì mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe jinlẹ̀ tó nígbà náà.

Mo gbìn sí ibi mẹ́ta: nínú àpò náílọ́ọ̀nù dúdú lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ nílé, níbi tí mo ti lè bomi rin ín, sí ilẹ̀ gbalasa ní ẹsẹ̀ òkè, àti sínú férémù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Férémù náà, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, mo ta náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara yí i ká, mo ṣí orí rẹ̀ sílẹ̀ kí òjò lè rọ̀ wọlé. Àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ ITEX, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1990 láti wo ohun tí ooru ń fi ewéko ṣe, ń lo irú ẹ̀ ní ilẹ̀ olótùútù, ó sì lè mú inú rẹ̀ gbóná ju ìta lọ ní ìwọ̀n 1 sí 3. Tèmi kò lẹ́wà tó tiwọn. Ewúrẹ́ ya á lẹ́ẹ̀kan, mo tún un ta.

Àkọ́rọ̀ rọ̀. Èyí tó gba omi gbígbóná jáde lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọmọ ilé-ìwé tí agogo lù fún. Mo jókòó tì wọ́n ní òwúrọ̀ kan. Ọrùn ló kọ́kọ́ ń yọ, ó tẹ̀ kọdọrọ, ó gbé èèpẹ̀ tó ti gan lé ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni orí á fà jáde, òmíràn ṣì dé èèpo dúdú bíi fìlà. Ewé méjì tó nípọn á là, ewé wẹ́wẹ́ á sì yọ láàárín wọn. Ti inú férémù ṣáájú ti ìta.

Òjò wá dá. Ní òkè lórí àpáta, ewéko tó máa ń gbẹ rúrú bí ẹni pé iná jó o, tó sì ti tutù yọ̀yọ̀ lẹ́yìn àkọ́rọ̀, tún ká ara rẹ̀ kò. Ìyẹn mọ̀ ọ́n ṣe, ó lè gbẹ kó sì tún jí. Ọmọ igi irú kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ti inú férémù ló kọ́kọ́ rọ, ti ìta tẹ̀ lé e. Nígbà tí òjò padà, díẹ̀ ló kù nínú àwọn tí mo fi omi gbígbóná jí. Àwọn ti ilé, tí mo ń bomi rin, kò ṣe nǹkan kan.

Àwọn tí mi ò fọwọ́ kàn ni wọ́n yà mí lẹ́nu. Nígbà àkọ́rọ̀, mélòó kan péré ló hù nínú wọn. Àwọn yòókù ń jáde ní ẹyọ-ẹyọ, òmíràn nígbà tí òjò ti fìdí múlẹ̀, òmíràn nígbà tí mo ti gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀yìn líle yẹn kò jẹ́ kí gbogbo wọn gba irọ́ òjò kan ṣoṣo gbọ́. Ọ̀nà kan ò wọjà, kóró irú mọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣáájú wa. Férémù kan kì í ṣe iṣẹ́ yunifásítì, ẹ má fi tèmi ṣe òfin, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí nìyẹn.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ gbin igi irú sí nọ́sìrì, tí omi wà, ẹ fi omi gbígbóná jí kóró. Bí ẹ bá fẹ́ fọ́n ọn sí ẹ̀gbẹ́ òkè, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ sì dúró kí òjò fìdí múlẹ̀. Ẹ fi ẹ̀gún yí i ká, ewúrẹ́ ò mọ ẹ̀kọ́ ojú ọjọ́.

Igi òrí ló kàn lọ́wọ́ mi báyìí, tiẹ̀ sì le jù. Kóró òrí kò ní sùúrù: bó bá gbẹ, ó kú nìyẹn, a ò lè tọ́jú rẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Bó bá jábọ́ láàárín oṣù kẹfà sí ìkeje, ilẹ̀ tútù ni kó bá lójú ẹsẹ̀. Ohun tó bá hù lára rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ rì sísàlẹ̀ ná, lẹ́yìn náà ni ẹ̀ka tó máa di igi á tó yọ láti abẹ́ ilẹ̀, ó sì lè pẹ́. Bí òjò bá dá lọ́dún tí ó so, kò sí ẹ̀yìn líle tó máa gbà á sílẹ̀. Èyí tí mo bá ṣà láàárọ̀, mo fẹ́ kó wọ ilẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, lábẹ́ ìbòòji, pẹ̀lú koríko gbígbẹ lórí rẹ̀. Yèyé ti ní òun máa fi igi òun kan ní oko hàn mí.