Àṣìṣe Tí Àwa Ará Houston Máa Ń Ṣe Tí A Bá Fẹ́ Ra Píkọ́ọ̀pù Ńlá Àlòkù

Bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà gbóná. Bí mo ṣe gbé ọwọ́ lé e báyìí, ó gbóná bí ẹ̀yìn ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro àmàlà nínú rẹ̀. Mo gbójú fò ó, mo sì ka 11,500 dọ́là lé ọkùnrin náà lọ́wọ́. Ford F-250 ni, ti ọdún 2006, ẹ́ńjìnnì dísù (diesel) oní lítà 6.0, funfun báláú, táyà rẹ̀ ń dán. Ẹni tó tà á fún mi ní Katy, ẹ̀bá Houston níbí, ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lọ ra epo ni kí n tó dé. Kò ju oṣù méjì lọ tí omi rédíétọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá, tí èéfín funfun sì ń tú lẹ́yìn ọkọ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń fi igi tútù dáná. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní apá Bissonnet, ọmọ Ìbàdàn, ni mo wọ́ ọ lọ bá. Kò tíì ṣí nǹkan kan tó fi bi mí pé: "Àbúrò, ṣé ẹ́ńjìnnì yẹn tutù nígbà tó o débẹ̀?"

Mo ní ó gbóná, ẹ̀gbọ́n.

Ó mi orí. "Wọ́n ti tètè jí jù ẹ́ lọ."

Ẹ́ńjìnnì dísù tó ti rẹ̀ máa ń fi ara rẹ̀ hàn tó bá sùn mọ́jú nínú òtútù. Á pẹ́ kó tó gbà, á máa wúkọ́, á tú èéfín. Tí wọ́n bá ti gbé e gbóná kí ẹ tó dé, gbogbo ẹ̀rí ti fò lọ. Nítorí náà, ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ títí ẹ ó fi dé. Tí ẹ bá dé tí ẹ bá i gbígbóná, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì ní ẹ ó padà wá lọ́jọ́ mìíràn.

Láti ìgbà yẹn làwọn èèyàn wa ní ṣọ́ọ̀ṣì àti nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ti ń pè mí kí wọ́n tó lọ wo píkọ́ọ̀pù. Àwọn mìíràn á pè lẹ́yìn tí wọ́n ti sanwó tán, ìyẹn ti di ká máa bá wọn kẹ́dùn. Àwọn àṣìṣe kan náà ni gbogbo wa ń ṣe ṣáá.

Ọkọ̀ wù yín, iṣẹ́ ńkọ́?

Kí a tó débi ẹ́ńjìnnì rárá ni ọ̀pọ̀ ti ṣìnà. Ẹ lọ sí òde ìnáwó kan lálẹ́ Sátidé, ẹ wo ibi tí wọ́n páàkì ọkọ̀ sí: ẹ ó rí F-350 ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tí kò gbé ẹrù kankan rí àfi kúlà ìrẹsì. Fàájì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, owó ẹni ni. Àmọ́ tó bá jẹ́ àga àti tẹ́ńtì lẹ fẹ́ máa fi kó, F-150 tó ń lo bẹntiróòlù á ṣe é, owó á sì ṣẹ́kù sí yín lápò. Ẹ́ńjìnnì dísù 6.7 ti Ford ń gba 13 kúọ́tì ọ́ìlì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Camry kì í gbà tó ìdajì ìyẹn. Bátìrì rẹ̀ méjì ni, fílítà epo rẹ̀ méjì ni, ẹ ó sì máa pààrọ̀ gbogbo rẹ̀.

Ìwé pẹlẹbẹ aláwọ̀ yẹ́lò kan tún wà lára férémù ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé èèyàn àti ẹrù inú ọkọ̀ yìí kò gbọdọ̀ ju iye báyìí lọ. Ẹ́ńjìnnì dísù wúwo, ilẹ̀kùn mẹ́rin wúwo, four-wheel wúwo, gbogbo wọn ló ń jẹ nínú ohun tí ọkọ̀ lè rù. Mo ti rí F-250 dísù tí ìwé rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá 2,000 pọ́ùn, bẹ́ẹ̀ F-150 mìíràn ń rù tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń tà á á ní ó lè fa 15,000 pọ́ùn. Ó lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n fífà yàtọ̀ sí rírù. Kódà tí ẹ bá so tírélà mọ́ ọn, ìwọ̀n tí imú tírélà fi tẹ ọkọ̀ nídìí, inú rírù la ti ń kà á.

Tí kò bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ lẹ ó máa fa ẹrù ńlá, ẹ wo àwọn tó ń lo bẹntiróòlù: Ford 6.2, Chevy 6.0, Ram Hemi 6.4. Wọ́n ń mu epo bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu ààwẹ̀, n kò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì ìkóríta yín lè tún wọn ṣe, kò sì ní í sọ owó ilé fún yín.

Máìlì nìkan lẹ kà

Ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù funfun tí wọ́n ń tà ní Houston, ìdí epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń bọ̀, láti apá Midland àti Odessa. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni kí wọ́n dúró sójú kan láti àárọ̀ dalẹ́ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì ní títàn, kí éésì máa fẹ́ sí òṣìṣẹ́ tó jókòó sínú rẹ̀. Máìlì kò lọ síwájú, ẹ́ńjìnnì ń gbó. Ìdí nìyẹn tí wákàtí ẹ́ńjìnnì fi ṣe pàtàkì ju máìlì lọ. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ kàn máa tẹ bọ́tìnnì ara sítíárìn títí iye wákàtí á fi jáde lójú dáṣíbọ́ọ̀dù.

Ẹ wá fi wákàtí pín máìlì. Ọkọ̀ tó ti rin 120,000 máìlì ní 3,000 wákàtí, 40 máìlì ló ń rìn ní wákàtí kan, ìyẹn ti ń rìn lójú títì. Tó bá jẹ́ 6,000 wákàtí ni, 20 péré. Ìdúró lásán ló jẹ ìyókù. Máìlì kan náà ni àwọn méjèèjì kọ, ọ̀kan ti ṣiṣẹ́ ìlọ́po méjì èkejì.

Ara ọkọ̀ náà máa ń sọ̀rọ̀. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn nígbà tí oòrùn bá dà sí i láti ẹ̀gbẹ́. Ibi tí wọ́n ti bó orúkọ iléeṣẹ́ kúrò, ọ̀dà ibẹ̀ tuntun ju ti àyíká rẹ̀ lọ, torí oòrùn kò rí i pa. Mo ti ka orúkọ iléeṣẹ́ kan àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ tán lára ilẹ̀kùn tí ẹni tó ń tà á ń búra fún mi pé ìyá àgbà kan ló ń fi lọ sọ́jà. Ẹ wo orí rúùfù bóyá ihò iná tó ń yí wà níbẹ̀ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí. Ẹ wo àárín ilẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ bóyá wọ́n ti lu ihò síbẹ̀ láti so tírélà ńlá. Fífa ẹrù kò ba ọkọ̀ jẹ́, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún ni. Irọ́ tí wọ́n pa lórí rẹ̀ ni kí ó kọ yín lóminú.

Ẹni tó sọ pé "dísù ni, kò lè bàjẹ́"

Ó sinmi lórí dísù wo. Ti Ford 6.0, láti 2003 sí 2007, èyí tó jẹ mí níyà, kúlà ọ́ìlì rẹ̀ máa ń dí. Tó bá dí, kúlà EGR, èyí tó ń tu èéfín tó ń padà sínú ẹ́ńjìnnì lára, á gbóná, á fọ́, nǹkan á wá dé orí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan wà tí wọ́n ti fi bóòtù tó nípọn dè é padà, tí wọ́n sì ti tún ìyókù ṣe. Ìyẹn ṣeé rà, tí rìsíìtì bá wà. Tí rìsíìtì kò bá sí, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Èyí tó rọ́pò rẹ̀, 6.4 láti 2008 sí 2010, n kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti rà á àlòkù.

Láti 2011 ni Ford ti bọ́ sórí 6.7, ẹ́ńjìnnì tó dára, àmọ́ ẹ bi wọ́n léèrè pọ́ǹpù epo rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CP4. Duramax, ẹ́ńjìnnì dísù ti Chevy àti GMC, lò ó láti 2011 sí 2016, Ram náà lò ó ní 2019 àti 2020 kí wọ́n tó pè wọ́n padà. Tí pọ́ǹpù yẹn bá fọ́ nínú, èérún irin ló máa tú sínú epo, á sì bá epo dé ìdí gbogbo ínjẹ́tọ̀ tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì. Àtúnṣe rẹ̀ lè tó 10,000 dọ́là. Kí mẹkáníìkì ṣí fílítà epo kí ẹ tó sanwó. Tí ẹ bá rí nǹkan tó ń dán bí ìyẹ̀fun fàdákà nínú rẹ̀, ẹ máa lọ sílé.

Àwọn mìíràn á tún fọ́nnu pé wọ́n ti "délíìtì" rẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n ti yọ àpótí tó ń sẹ́ èéfín kúrò kí ọkọ̀ lè lágbára sí i. Ní Texas wọn kì í yẹ èéfín ọkọ̀ dísù wò, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa mú yín lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á. Ṣùgbọ́n òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà, Clean Air Act, kà á sí èèwọ̀, ọ̀pọ̀ onísòwò ọkọ̀ kò sì ní í gbà á lọ́wọ́ yín tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ fi ìka nu inú ẹnu sáìlẹ́ńsà. Tí asẹ́ èéfín bá wà níbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́, ìka yín á mọ́ dáadáa. Tí ó bá dúdú bí ìdí ìkòkò, ẹ ti mọ̀.

Omi, ìwé, àti owó orí

Ìjì Harvey rọ omi bo Houston ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló sì wẹ̀ nínú rẹ̀. Ọkọ̀ tó ti mu omi lè lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, kó gba ìwé tuntun, kó sì padà wá bí ẹni mímọ́. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dópin, ẹ wo ìdí rẹ̀ bóyá ìlà ẹrẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ wo bóòtù abẹ́ àga bóyá ó ti dípẹtà. Tí òórùn tí wọ́n fín sínú ọkọ̀ bá pọ̀ jù, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi ń bò mọ́lẹ̀. Ìròyìn Carfax, tó ń sọ ìtàn ọkọ̀ fún ẹni tó fẹ́ rà á, dára, àmọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò fi tó ìnṣọ́ránsì tàbí ìjọba létí kò lè sí nínú rẹ̀.

Ẹ má gba ìwé ọkọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Kí ẹ̀yin àti ẹni tó tà á jọ lọ sí ọ́fíìsì owó orí ti káúńtì, kí wọ́n yí orúkọ padà níṣojú yín. Àwọn kan sì rò pé ọgbọ́n ni láti kọ 2,000 dọ́là sórí fọ́ọ̀mù 130-U tí wọ́n fi ń yí orúkọ ọkọ̀ padà kí owó orí lè kéré. Ìpín 6.25 nínú ọgọ́rùn-ún ni Texas ń gbà. Tí iye tí ẹ kọ bá kéré ju ìpín 80 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ìjọba ka ọkọ̀ náà sí, orí 80 yẹn ni wọ́n máa ṣírò rẹ̀. Irọ́ yẹn kò lè mú owó orí kéré ju ìyẹn lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi ṣiṣẹ́ hotshot, ìyẹn fífi píkọ́ọ̀pù àti tírélà gbé ẹrù oníbàárà, ìnṣọ́ránsì tí ẹ fi ń gbé ọmọ lọ síléèwé kò ní í sanwó tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ ro àpapọ̀ ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ àti tírélà pọ̀. Tó bá ti dé 10,001 pọ́ùn tí ẹ sì ń gbé ẹrù kọjá ìpínlẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà DOT, ti iléeṣẹ́ ìrìnnà ìjọba àpapọ̀. Tó bá dé 26,001, tí tírélà fúnra rẹ̀ ju 10,000 lọ, láísẹ́ǹsì CDL ni, ti àwọn awakọ̀ akẹ́rù ńlá. F-350 ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n kọ 14,000 sí lára, pẹ̀lú tírélà 14,000, ti wọ inú rẹ̀. Mo mọ ẹni tó kọ́kọ́ ra ọkọ̀ kó tó mọ èyí. Oṣù mẹ́rin ni ọkọ̀ fi dúró síwájú ilé rẹ̀ kó tó rí láísẹ́ǹsì gbà.

Tó bá jẹ́ pé ilé ní Nàìjíríà lẹ fẹ́ gbé e lọ, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Dísù tí wọ́n ń tà fún ọkọ̀ níbí, sọ́fọ̀ (sulphur) inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 15 lọ nínú mílíọ̀nù kan, irú epo bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe asẹ́ èéfín àwọn ọkọ̀ láti 2007 fún. Tí sọ́fọ̀ bá pọ̀ nínú dísù tí ẹ rà ní Ṣágámù, asẹ́ náà á dí, ọkọ̀ á sì máa fa ara rẹ̀ lójú ọ̀nà bí arúgbó. Àwọn tó nílò omi DEF, èyí tí wọ́n ń rọ sínú ọkọ̀ láti fi sọ èéfín di mímọ́, tún ní wàhálà tiwọn. Ohun tí ẹ ń wá lè jẹ́ Hilux.

Mo ta F-250 yẹn nígbẹ̀yìn, 4,000 dọ́là, fún ọmọkùnrin ará Mexico kan tó mọ 6.0 dunjú, tó fẹ́ tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀. Ó ní òun ń bọ̀ wá wò ó lọ́sàn-án. Mo ní rárá, kó wá ní aago mẹ́fà ìdájí, n kò ní í tíì fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́.