Bí mo ṣe fi ìgò omi òkun dá ẹja mọ̀

Ẹja kì í gba inú òkun kọjá láìfi nǹkan ara rẹ̀ sílẹ̀: ìpẹ́ tó bọ́, ìgbẹ́, àti ohun yíyọ̀ tó bo awọ rẹ̀. DNA, ìyẹn àkọsílẹ̀ àbímọ́ tó wà nínú ara gbogbo ohun abẹ̀mí, wà nínú gbogbo wọn, òun ni mo sì fi wá irú ẹja tó wà ní ibùdó mẹ́fà láìju àwọ̀n.

Ìgò mẹ́ta, lítà kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni mo bù ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tí mo ti fi bílíìṣì fọ àwọn ìgò náà tí mo sì ṣàn wọ́n dáadáa. Ìgò kẹrin kò rí omi òkun rárá: omi mímọ́ gaara láti ilé ìwádìí ló wà nínú rẹ̀, kí ó lè tú wa fó bí ìdọ̀tí ọwọ́ wa bá wọ inú iṣẹ́. Níwọ̀n bí DNA kì í ti í pẹ́ jẹrà nínú omi, mo kó gbogbo wọn sínú yìnyín, mo sì sẹ́ wọn lọ́jọ́ náà gan-an kí DNA lè kù sórí asẹ́. Omi ẹnu odò ló fún mi ní wàhálà jù. Asẹ́ funfun náà di aláwọ̀ ẹrẹ̀, omi ń kán tó, tó, títí tó fi dá pátápátá nígbà tí ìgò kò tíì dé ìdajì, ni mo bá pààrọ̀ asẹ́.

Ègé DNA kúkúrú tí wọ́n ń pè ní MiFish, tí Masaki Miya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2015, ni mo lò nínú ẹ̀rọ PCR, èyí tó máa ń ṣe ẹ̀dà DNA lọ́pọ̀lọpọ̀. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ jíìnì 12S ẹja, ẹ̀rọ á sì ṣe ẹ̀dà apá kan tí kò ju nǹkan bíi lẹ́tà DNA 170 lọ, èyí tó ṣì lè wà lódindi nínú DNA tó ti ń já sí wẹ́wẹ́.

Lẹ́yìn tí a ka àwọn lẹ́tà náà, tí a sì fi wọ́n wé ti àwọn ẹja tí a ti mọ̀, àbájáde dé, sáàdíìnì sì wà nínú ìgò kẹrin! Ìgbà náà ni mo rántí pé mo ti bá àwọn apẹja tó ni ọkọ̀ gbé agbọ̀n sáàdíìnì kúrò lọ́nà, tí n kò sì pààrọ̀ ìbọ̀wọ́. Ó dùn mí, nítorí ó dá mi lójú pé sáàdíìnì wà níbẹ̀, síbẹ̀ mo yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà. Ní ti tuna, Thunnus, orúkọ àpapọ̀ wọn nínú sáyẹ́ǹsì, nìkan ni mo kọ, n kò dárúkọ irú kan pàtó, torí apá 12S yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu lára ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Mo padà lọ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tuntun ní ibùdó kọ̀ọ̀kan. Lọ́tẹ̀ yìí, a kò rí ẹja kankan nínú ìgò kẹrin, sáàdíìnì sì wà nínú mẹ́ta yòókù.