Ọsàn tí mo fi wọn odò, àti fóòmù tó ba ìṣirò mi jẹ́

Ẹja àrọ̀ 1,500 ló bá omi lọ lóru ọjọ́ kan ṣoṣo. Owó ẹja dùn mí, àmọ́ èyí tó ń ta mí lára títí di òní ni owó tí mo san fún ọ̀gá kan kí n tó gbẹ́ adágún, pé kó bá mi wo ibi tí odò lè kún dé. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé omi ò ní kọjá mítà 1.2. Àmì ẹrẹ̀ tí mo bá lára ògiri, mítà 1.9. Mo bi í pé ibo ló ti wọn odò. Ó ní kọ̀ǹpútà ló ṣe é. Kò dé etí odò rí!

Àwa tá a wà n'Ìbàdàn lọ́jọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, tá a rí bí omi ṣe wó afárá Àpẹ́tẹ́, ta ló tún yẹ kó máa fi àfojúdá bá wa sọ̀rọ̀ odò?

Ni mo bá ṣe é fúnra mi. Mo kun rúlà sára òpó afárá tó wà lórí odò tiwa. Ọmọ àbúrò mi ń ya fọ́tò rẹ̀ láàárọ̀, lálẹ́, àti nígbàkígbà tójò bá rọ̀, ó ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ìbú àti jíjìn, tépù àti ọ̀pá náà ni, ẹ ti mọ ìyẹn.

Bómi ṣe ń sáré ló gbọgbọ́n. Ọsàn ni mo lò, torí ó máa ń rì dé ọrùn, atẹ́gùn ò sì lè máa tì í kiri bí ike. Mo sàmì sí mítà 20 lẹ́bàá odò, mo ju ọsàn sómi, mo tẹ aago fóònù. Tó bá gba ìṣẹ́jú àáyá 25, mítà 0.8 nìyẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú omi máa ń yá ju ìsàlẹ̀ lọ, nítorí náà mo fi 0.85 sọ ọ́ di púpọ̀, kí n tó tún fi ìbú àti jíjìn sọ ọ́ di púpọ̀. Ìyẹn ni ìṣàn, iye omi tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọsàn kan ò padà wálé o, àwọn ọmọ ìsàlẹ̀ odò ti mọ ọjọ́ iṣẹ́ mi.

Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n tán lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, ìlà tó so gíga omi mọ́ ìṣàn rẹ̀ tẹ̀ wẹ́rẹ́ lórí ìwé. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀. Ẹni tó bá wọlé, mo fi hàn án.

Àfi bó ṣe di oṣù kẹsàn-án. Rúlà ní mítà 1.1, bíi ti oṣù kẹfà gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ọsàn tó ń lo ìṣẹ́jú àáyá 25 ń lo 47. Gíga kan náà, ìṣàn rẹ̀ ò ju bí ìdajì lọ! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jìyà yìí. Mo kọ́kọ́ bú ọmọ àbúrò mi pé fọ́tò àtijọ́ ló ń fi ránṣẹ́. Mo yá rọ́bà omi tí wọ́n fi ń wo ìdọ́gba lọ́wọ́ bíríkìlà, bóyá òpó afárá ti rì, kò rì. Mo tún ìsàlẹ̀ odò wọ̀n, bóyá iyanrìn ti kún un, kò kún.

Ìyá kan tó ń fọ ẹ̀fọ́ ló là mí lójú: "Bàbá, odò yìí ò lọ mọ́ o, ó kàn dúró ni."

Mo rìn lọ sísàlẹ̀. Fóòmù àlòkù kan, ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀, àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí ò níye ti dí ẹnu gọ́tà tó gba abẹ́ títì kọjá. Omi ń padà sẹ́yìn títí dé ìdí rúlà mi. Ìdọ̀tí ló gbé e ga, kì í ṣe òjò. Ó dùn mí láti kọ èyí, àmọ́ ó ṣeé ṣe kí iye omi tí ọ̀gá yẹn ṣírò má jìnnà sóòótọ́. Ẹnu gọ́tà tó ṣí sílẹ̀ ló fi ṣírò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ì bá dé ibẹ̀, ì bá ti rí i.

Ní báyìí, rúlà kejì wà lẹ́nu gọ́tà. Tí gíga omi lára méjèèjì bá ti ń sún mọ́ra jù, mi ò lo ìlà mi mọ́, ṣọ́bìrì ni mò ń gbé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ rìn lọ sísàlẹ̀ odò kẹ́ ẹ tó ra ọ̀dà. Gíga tó pọ̀ jù tí mo fi ọsàn wọ̀n, mítà 1.3 ni, láti ibẹ̀ dé 1.9, ìlà lásán ni mo fà lọ, mi ò ní purọ́.

Mo bẹ ọmọ àbúrò mi, mo ra dátà fún un. Ó gbà á. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò sí fọ́tò kan tó ń fi ránṣẹ́ tí ò ní fi aago ọwọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà.