Bí Ẹ Ṣe Lè Yàwòrán Apanilẹ́rìn-ín Sínú Ìwé Ìtàn àti Jọ́gíráfì Ọmọdé

Ẹ sọ fún ọmọ ọdún mẹ́jọ pé Odò Ọya gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 4,180, yóò yán. Ẹ wá ya odò kan náà bí arúgbó tó gbé àpò kọ́ èjìká, tó kẹ̀yìn sí òkun, tó ń bínú lọ sí aṣálẹ̀. Ọmọ náà yóò ní kí ẹ má tíì ṣí ewé yẹn. Odò yìí ni a ó fi kọ́ iṣẹ́ náà.

Ẹ ka ọ̀rọ̀ inú ìwé lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó ya ohunkóhun, kí ẹ sì fàlà sábẹ́ ohun tó bá yà yín lẹ́nu. Orí òkè ilẹ̀ Gíní ni Odò Ọya ti ṣẹ̀, níbi tí òkun kò jìnnà ju nǹkan bíi kìlómítà 240 lọ. Kàkà kó yà síbẹ̀, ó kọrí sí Málì, ó gba ẹ̀bá Timbuktu, ìlú kan létí aṣálẹ̀, kó tó ṣẹ́rí wá sí Nàìjíríà láti wá òkun kan náà. Àfi bí ẹni tí ọjà wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, tó yí ìlú mẹ́ta ká kó tó ra iyọ̀! Ẹ̀rín ti wà nínú òótọ́ ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá lọ ya ọ̀bọ tó yọ̀ ṣubú létí odò, ọmọ á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀bọ ni yóò rántí.

Ẹ pín bébà sí ojú mẹ́jọ, kí ẹ ya èrò kan sí ojú kọ̀ọ̀kan wàràwàrà, láìlo írésà. Èyí tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni gbogbo ayé máa ń yà. Láti ìkarùn-ún lọ ni kí ẹ ti máa wò ó dáadáa.

Máàpù ló le jù. Odò lè rẹ́rìn-ín, ó lè fajú ro, ṣùgbọ́n ibi tó ti tẹ̀ kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ẹ gbé bébà lé máàpù tó dára, ẹ lẹ méjèèjì mọ́ gíláàsì fèrèsé lọ́sàn-án, kí ẹ tọ ipa odò náà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹ tó fún un ní ojú àti ọwọ́. Ibi tó ti tẹ̀ bí ọrun nítòsí Timbuktu, ẹ̀yìn arúgbó ló jọ lójú tèmi. Ní Lọ́kọ́ja, kí òun àti Odò Bẹ́núè dì mọ́ra.

Tó bá kan ènìyàn, ẹ bi ara yín pé ta la fẹ́ fi rẹ́rìn-ín. Ní 1830, Richard Lander, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àbúrò rẹ̀, John, gbéra láti Àgbádárìgì, wọ́n dé Bussa, ìlú kan létí Odò Ọya, wọ́n sì wọ ọkọ̀ ojú omi láti wá ibi tí odò náà ti wọ òkun. Àwọn apẹja ibẹ̀ sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́! Nítorí náà, ẹ ya àlejò méjèèjì tí wọ́n ń fi awò wo ọ̀nà jíjìn, kí apẹja kan wà lẹ́yìn wọn tó ń béèrè pé, “Kí ló sọnù lọ́wọ́ wọn?” Ẹ wádìí aṣọ àti ilé: koríko àti ewé ni wọ́n fi ń bolé nígbà náà, kò tíì sí páánù. Àmọ́ òwò ẹrú ṣì ń lọ létí odò náà. Ẹni tó wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kì í ṣe ẹni tí a ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Ojú ewé tirẹ̀, ẹ yà á láìsí àwàdà.

Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀. Ẹ má ya ojú ẹnikẹ́ni sí ibi tí wọ́n ti rán ìwé. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, imú ọba pòórá.

Kí ẹ tó fi tàdáwà tẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e fún ọmọ kan, kí ẹ sì panu mọ́. Bí ẹ bá ní láti ṣàlàyé, ẹ tún un yà. Bó bá bi yín pé, “Kí ló dé tí odò yìí ò gba ọ̀nà kúkúrú?”, ẹ lọ gbé tàdáwà.